Iná Ọlọ́mọ Tuntun

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Onta wà nídìí òfì, ó ń hun aṣọ pupa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sengdao, ti bímọ láti ọjọ́ mẹ́ta ní ìgboro Phonsavan, ó sì ń yáná bí gbogbo ọlọ́mọ tuntun ti ń ṣe nílẹ̀ wọn: wọ́n gbé ìkòkò èédú sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí ara lè le padà. Wọ́n ní àárọ̀ ni wọ́n bá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí oorun dùn mọ́, ṣùgbọ́n kò mí mọ́. Yàrá kejì ni ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ sí. Ìyẹn ni ọmọ náà fi yè.

Nígbà tí Onta dé ibẹ̀, àwọn ará ilé ní iwin ló mú un. Dókítà ló pe Onta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, kì í ṣe iwin. Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa ni. Èéfín rẹ̀ kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ sáré bọ́ síta."

Onta mú ọkọ̀ tí Sengdao fi ń hunṣọ, igi pẹlẹbẹ tí ó ń gbé òwú kọjá, ó fi í sínú àpò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Thongsai, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kọ́ ilé símẹ́ǹtì onífèrèsé gíláàsì sí abúlé wọn. Nínú oṣù òtútù ni Malivan ìyàwó rẹ̀ bímọ. Kí Onta tó lanu, Bualoi, ìyá Malivan, ti gbé èédú wọlé.

"Àna mi, ẹ má gbé èédú wọ yàrá yìí."

"Háà! Kí òtútù wá jẹ eegun ọmọ mi? Ṣé orí yìnyín ni wọ́n tẹ́ ẹ̀yin sí nígbà tí ẹ bímọ ni?"

"Ilé oparun ni mo bímọ sí. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ wọlé, ó ń gba òkè jáde. Ìgò tí a dé pa ni ilé yìí."

"Ẹ lọ fọ ìledìí, ẹ jẹ́ n tọ́jú ọmọ mi."

Thongsai kò lè bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn. Bualoi sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Onta gbé ọbẹ̀ adìẹ wọlé.

"Màmá, orí ń fọ́ mi," ni Malivan wí. "Èébì ń gbé mi."

"Atẹ́gùn ló wọ̀ ọ́ lára," ni Bualoi dáhùn. "Jẹ́ n fi èédú kún un." Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fọwọ́ di iwájú orí mú.

Onta rí ọwọ́ náà. Atẹ́gùn tí í wọ ọlọ́mọ tuntun lára, báwo ló ṣe dé orí ìyá àgbà?

"Orí ń fọ́ ẹ̀yin náà?"

"Àgbà ló dé."

"Nígbà tí ẹ lọ pọnmi ńkọ́?"

Bualoi yíjú sí ìkòkò èédú. "Ó... ó fúyẹ́."

Onta gbé ọbẹ̀ sílẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣí, ó sì lọgun: "Thongsai! Gbé ìyàwó ẹ síta! Àna mi, ẹ jáde!" Lẹ́yìn náà ló ṣí gbogbo fèrèsé.

Wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú àgbá irin mí. Kí oòrùn tó wọ̀, Malivan ti ń béèrè oúnjẹ, ọmọ sì ń ké bí àkùkọ. Onta jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àna mi," ni Bualoi wí, ojú tì í, "èmi ló yẹ kí n fọ ìledìí yẹn."

"Ó ti pọ̀ o. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀."

Ìta ni wọ́n dáná sí láti ìgbà náà. Wọ́n á gbé òkúta sínú iná náà kó lè gbóná, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á gbé e ti ìbàdí ọlọ́mọ. Bualoi gan-an ló ń kó èédú jáde kúrò nínú ilé ẹni tó bá bímọ. "Iná níta, ooru nínú!" ló ń pariwo. Ní ọdún náà, obìnrin márùn-ún ló bímọ lábúlé. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn gbé ọmọ lọ gba ìbùkún ní tẹ́ńpìlì.

Nígbà tí ọjọ́ ikú Sengdao tún pé ọdún, Onta bu ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, ó ṣù ú rogodo, ó gbé e sẹ́nu fèrèsé Malivan fún ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbá gíláàsì náà dé. Ó mú ọkọ̀ ìhunṣọ náà jáde láti inú àpò, ó fi há a, kí fèrèsé má bàa lè padé.