Iná Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Gwenda

Láàárín ọdún kan ṣoṣo, iná kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni mo rà, gbogbo wọn ni mo sì bú. Àkọ́kọ́, mo ní kò mọ́lẹ̀ tó. Ìkejì, mo ní inú páálí nìkan ló ti ń mọ́lẹ̀. Ìkẹta ni mo gbé padà lọ bá Bruno tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú Collie, mo jù ú sórí tábìlì rẹ̀, mo ní ẹ̀wọ̀n ló yẹ àwọn tó ṣe é. Bruno tàn án sí mi lójú. Omi bọ́ lójú mi pòròpòrò, mo ń fẹ̀yìn rìn, ó di inú garawa gíríìsì gbì! Ìdí mi kì í ṣe kékeré o. Bruno fà mí títí, ó tún ké pe oníbàárà kan kó wá ràn án lọ́wọ́ kí n tó yọ.

"Ẹ̀yin ìyá yìí," ó ní, ó ń nu ọwọ́, "èyí náà kò mọ́lẹ̀ tó?"

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé láti bí ọdún kan, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ńṣe ni gbogbo nǹkan máa ń dà bíi pé wọ́n fi ọ̀rá bò ó lójú mi. Ní oṣù Kẹta, mo fi ọkọ̀ gbá ike ìdọ̀tí aládùúgbò mi, mo sì bọ́ sílẹ̀, mo bú ike. Leanne, ọmọ mi tó wà ní Perth, ní kí n lọ rí dókítà ojú. Mo ní kárọ́ọ̀tì tí mo ti jẹ láyé, ehoro kankan ò jẹ ẹ́ rí.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ilé mi jìnnà sí ìlú ní kìlómítà mẹ́rìnlá, bọ́ọ̀sì kankan kì í débẹ̀. Bí dókítà bá kọ̀wé pé ojú mi ti bàjẹ́, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì mi. Láìsí ọkọ̀, n kò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ilé Leanne ló kù, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń pariwo mọ́ni létí, tí ọkọ rẹ̀ á máa bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá ajá aláìsàn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, iná ni mo gbájú mọ́. Iná kì í kọ̀wé sí ìjọba.

Gwenda ọ̀rẹ́ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù Bruno lọ́jọ́ náà, òun náà wá gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ àwa méjèèjì ti kú, gbogbo oṣù Kẹfà la máa ń di ẹrù sára kẹ̀kẹ́, a ó gba ọ̀nà inú igbó Munda Biddi, a ó máa sùn ní àwọn àgọ́ onípákó títí a ó fi dé ìlú Northcliffe. Ìgbà òtútù ni oṣù Kẹfà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, aago márùn-ún ààbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú. Gwenda ti ní kí Bruno fi dínámò sí kẹ̀kẹ́ òun, ó sì fẹ́ kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

"Noelene, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ò sí ní àgọ́," ó ní. "Níbo lo fẹ́ ki wáyà ṣáàjì ẹ bọ̀? Ìdí kangarú?"

"Ìdí tìẹ náà wà níbẹ̀."

"Gbọ́ ná! Àárín táyà iwájú ni dínámò wà. Táyà ń yí, iná ń tàn. O ò ní ṣáàjì nǹkan kan títí wàá fi kú."

"Bí táyà bá yí ni! Èmi tí mò ń gun òkè bíi pẹ́pẹ́yẹ tí ẹyin há sí nídìí, ṣe ni iná á kàn máa ṣẹ́jú sí mi bí ọmọge. Bí mo bá tún dúró kí n tọ̀, òkùnkùn biribiri. Inú bàtà ni màá tọ̀ sí."

Bruno ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ Gwenda sókè, ó yí táyà, ó sì fọwọ́ dá a dúró. Iná pupa tó wà lẹ́yìn kò kú. "Ó máa ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá dúró, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ṣì máa fi tàn."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin ò tó mi tọ̀," ni mo dáhùn.

A rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti ń ṣú, Bruno ní ká jáde sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ká dán iná dínámò àti iná oníṣáàjì wò. Ó kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ Gwenda síwájú kí dínámò tàn. "Kí lẹ rí lórí ọgbà yẹn?"

"Ológbò," Gwenda ní. "Dúdú. Ó ń lá ìdí ẹ̀."

Ọgbà pàápàá, agbára káká ni mo fi rí i. Mo ní iná yẹn kò wúlò. Bruno wá gbé iná oníṣáàjì ńlá kan jáde, ó tàn án, gbogbo ẹ̀yìnkùlé funfun báláú.

"Ahá!" mo pariwo. "Iná nìyẹn! Mo rí ológbò náà báyìí, títí kan irun imú ẹ̀!"

Bruno wúkọ́.

"Noelene," Gwenda ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ológbò yẹn ti lọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní àwàdà ni mò ń ṣe. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Mo ra iná oníṣáàjì náà, a sì gbéra lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kẹta, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìkùukùu sì bo orí àwọn igi járà. Láago mẹ́ta ọ̀sán ni mo ti tan iná mi dé òpin agbára rẹ̀.

"Dín in kù!" Gwenda pariwo láti iwájú. "Wákàtí méjì péré ló máa lò bẹ́ẹ̀ yẹn!"

"Ṣé orí ẹ ni mo gbé e kọ́?"

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ó kú fíì. Bátìrì tí mo fi pamọ́, mo ti lò ó tán lálẹ́ àná, nígbà tí mò ń wá eyín àtọwọ́dá mi nínú àpò ìsùn. Gwenda dúró dè mí. Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

"Ó ku kìlómítà méjì ká dé àgọ́," ó ní. "Tẹ̀ lé iná ẹ̀yìn mi. Pupa ni. Bó o bá rí i, máa bọ̀. Bó ò bá rí i, dúró, kó o pè mí. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

Irọ́ ni. Ìró táyà rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni mò ń tẹ̀ lé, ìró bí ẹni ń jẹ àgbàdo yíyan. A dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìró náà sì dákẹ́ lójijì. Mo rò pé ó ti jìnnà sí mi ni. Mo tú bíréèkì sílẹ̀ kí n lè bá a.

Kò jìnnà rárá. Igi kan ló wó dábùú ọ̀nà, òun sì ti dúró. Gbogbo ara mi, ẹrù mi àti kẹ̀kẹ́ mi, orí Gwenda ni wọ́n lọ dé sí.

Kí n tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà, ẹnu mi ti là. "Iná ẹ ti kú! Mo sọ fún ẹ! Mo ní bí èèyàn bá ti dúró, dínámò á kú!"

Gwenda jókòó nínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún mú. Ó ń mí kíákíá.

"Wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, Noelene."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ títí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ń tàn, pupa, bí ẹyin iná nínú eérú. Bí mo ṣe ń wò ó, ó rọra kú.

Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́; ibọ̀sẹ̀ mi ni mo fi dì í mọ́ ṣíbí kó má bàa mì. Nígbà tí a dé àgọ́, èmi ni mo bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kó lè tọ̀, ó ní ọwọ́ mi tutù bí ọwọ́ òkú. A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ iná, èmi náà kò sọ ọ́. Láàárọ̀, ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Collie. Awakọ̀ náà bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní iná ọ̀rẹ́ mi ló kú.

Darryl, ọmọ Gwenda tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà, dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára bàtà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Àǹtí Noelene, awakọ̀ yẹn ní ẹ sọ pé iná tí Bruno tà fún Mọ́ọ̀mì ló kú. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ sọ fún mi kí n lọ bá a báyìí. Màá fi iná yẹn há a lọ́fun. Kò ní ta kẹ̀kẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí mọ́."

Gwenda ń wo òkè àjà. Bó bá jẹ́ pé ó wò mí ni, ì bá rọrùn. Bí mo bá dákẹ́, ó ti parí nìyẹn: màá wa ọkọ̀ mi lọ sílé, màá ti ilẹ̀kùn, ilé mi á ṣì jẹ́ ilé mi. Bruno nìkan ló máa jìyà, Bruno tó fà mí yọ nínú garawa.

"Darryl, jókòó."

"Mi ò jókòó!"

"Mo ní kó o jókòó! Iná náà ń tàn. Èmi ni mi ò rí i. Mi ò rí ológbò yẹn náà."

"Ológbò wo?"

Gwenda bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì lábẹ́ aṣọ, nígbà tó yá mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó na ọwọ́ tó dáa sí mi. N kò mọ ẹni tó di ọwọ́ ẹnì kejì mú jù.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi nínú àpò, mo gbé e lé ọwọ́ Darryl. "Iwájú ilé ìyá ẹ ni ọkọ̀ náà wà. Bá mi wà á lọ sílé. Kọ́kọ́rọ́ yìí, má dá a padà fún mi, kódà bí mo bá sunkún."

"Ó máa sunkún o," Gwenda ní, ó ń nu imú. "Ó sì máa bú ẹ."

Darryl kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi sunkún. Mo sì bú u.