Ọjọ́ Tí Màmá Mi Pa Òkè Yìnyín Lẹ́rìn-ín

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ̀yin ará ilé, bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́. Ìyá Ràṣídá, ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ wá jókòó. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, inú mi sì tún ń dùn, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe.

Mo rí i pé èmi àti màmá mi wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó tóbi ju ọjà wa lọ. Ẹ̀yìn ilé wa níbí, níbi tí a máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí, ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé Ìsẹ́yìn kò ní òkun, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu rárá. Ohun tí mo sọ ni pé, "Òkun, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé? Ó pẹ́ o." A ń lọ sí ìpẹ̀kun ayé, níbi tí yìnyín ti ń wá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé màmá mi ti ń ta yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja láti ìgbà tí wọ́n ti fa iná wọ àdúgbò yìí. Màmá ní àwọn fẹ́ rí ìyá tó bí yìnyín kí àwọn tó kú.

Mo ní, "Ikú kẹ̀, màmá? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ lórí omi." Torí màmá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Bí omi bá gbé wọn lọ, ta ni màá máa bá ṣe asọ̀ láràárọ̀? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn títí àlá náà fi parí.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ńlá dúró. Ó ní òun ò lè sún mọ́ yìnyín ju báyìí lọ, pé àyà òun ń já, kí a wọ ọkọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ààbò. Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó kiri lójú omi, tòun ti tábìlì, tòun ti fáànù àti kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bí a bá sún mọ́ ọn, á sún sẹ́yìn. Màmá mi bú u pé, "Ìwọ ọ́fíìsì yìí, o ò lẹ́kọ̀ọ́!" Ojú tì í, ó sì dúró.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olátẹ́jú. Ó wọ kóòtù, ó so fèrè mọ́ ọrùn, ó wúkọ́. Ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Òfin méjì péré ló wà, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là. Òfin kìíní: kí oníkálukú de jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó le. Òfin kejì..." Bó ṣe dé ibẹ̀ ni irùngbọ̀n hù sí i lágbọ̀n, tí ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. "Òfin kejì: mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ó ti di òbúkọ. Gbogbo àwa èrò ọkọ̀ dáhùn pé, "A ti gbọ́, sà." Bàbá onígíláàsì ojú kan tó dúró lẹ́yìn wa tilẹ̀ ń mi orí, ó ní òfin kejì yẹn gan-an ló mọ́gbọ́n wá.

Wọ́n wá pín jákẹ́ẹ̀tì fún wa, irú èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi. Ti màmá mi lajú, ó ní, "Ẹ kú òwúrọ̀, màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti orí ìdè mi yìí bọ inú ìkejì rẹ̀. Tó bá ti dún kó, ó parí."

Màmá mi ní àwọn kì í fẹ́ kí nǹkan fún àwọn nínú. Wọ́n fa ìdè náà, wọ́n yí i po, wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ìdí bí ẹni ń ró ìró.

Jákẹ́ẹ̀tì ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ìró kọ́ ni mí o."

"Dákẹ́ jàre! Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń ró ìró. Ọjọ́ wo lo gbọ́ pé ó já bọ́ lára mi lọ́jà?"

Mo na ọwọ́ láti bá wọn dè é, wọ́n gbá a kúrò. Jákẹ́ẹ̀tì wò mí, mo wo jákẹ́ẹ̀tì, a jọ mí kanlẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré náà, rọ́bà ni, bíi táyà tírélà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. A jókòó sí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Òbúkọ fò wọlé, ó di ẹ́ńjìnnì mú. Mo bi bàbá onígíláàsì pé ṣé òbúkọ mọ ọkọ̀ wà. Ó ní, "Ó ní láísẹ́ǹsì." Ọkàn mi sì balẹ̀.

Yéè, ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! A ń fò lórí omi, a ń hó yèè! A gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa yìí kọjá, omi ń lu ilẹ̀kùn yàrá yín, Ìyá Ràṣídá. Ẹ yọjú, ẹ ní kí a má ta omi sí aṣọ tẹ́ ẹ sá. A yà lẹ́bàá kànga, bẹ́ẹ̀ la bọ́ sáàárín yìnyín. Màmá mi ti ìka bọ omi, wọ́n sì yára fà á yọ. Jákẹ́ẹ̀tì ní, "Ẹ rí i? Ẹni tó bá já sínú ẹ̀, kó tó pariwo, ara rẹ̀ á ti kú tipiri. Màmá, ẹ dè mí."

"Ọ̀rọ̀ ẹ ti pọ̀ jù," ni màmá mi wí.

Àfi bí òkè yìnyín kan ṣe yọ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ga, ó funfun báláú láti orí délẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ wọnú omi. Ó lajú, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ọmọ ta ni yín?"

Ó tán! Ta ni yóò rí àgbàlagbà tó tó yẹn tí yóò jókòó? Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, gbogbo wa pátá, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Òbúkọ figbe ta: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Wọ́n tún dáhùn pé, "A ti gbọ́, sà." Ìgbà yẹn ni òfin kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Kí gbogbo wa má ṣe rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni òbúkọ ti ń sọ láti àárọ̀!

Òkè yìnyín ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ má ṣáà pa mí lẹ́rìn-ín o. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, eyín mi a máa já."

Ta ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹ mọ màmá mi. Lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n wà, wọ́n ní, "Bàbá, bí a bá gbé yín dé Ìsẹ́yìn, ẹja kan ò ní bàjẹ́ mọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n nílé ta ni fìríìjì tó máa gbà yín wà?"

Bàbá yìnyín kọ́kọ́ pa ẹnu dé. Èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, kèékèé! Eyín kan já. Eyín ọ̀hún tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ó bọ́ sómi gbàmù, ìgbì sì dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Jákẹ́ẹ̀tì ń ké pé, "Màmá, mo ń tú o! Mo ń tú!"

Mo pariwo, "Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ jókòó sí!" Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá onígíláàsì kò tilẹ̀ gbé àyà kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí a kẹ̀yìn sí àgbà? Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ obìnrin yìí?"

Inú bí mi! Ìyá mi fẹ́ẹ́ kú, bàbá yìí ń bi mí ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi! Orí mi bá ṣí. Mo ké pé, "Ẹ wẹ̀yìn o! Àgbà tó ju eléyìí lọ ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì! Ẹ̀yin iwájú, ẹ kí tọ̀tún! Ẹ̀yin ẹ̀yìn, ẹ kí tòsì!" Irọ́ ni. Kò sí nǹkan kan lósì ju omi lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì wọn sáré yí síbẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún omi, wọ́n ní ẹ kú àtijọ́, bàbá. Ọkọ̀ bá tẹ́jú. Ìgbì gbé wa sókè, ó gbé wa sọ̀ kalẹ̀, a ò dà nù.

Àfi màmá mi. Wọ́n ń yọ̀ lọ sétí omi, jákẹ́ẹ̀tì ti tú dé èjìká. Mo bẹ́ mọ́ wọn, mo di ìdè náà mú. Mi ò tilẹ̀ wá ibi tó ń dún kó mọ́. Mo ta á ní kókó, mo ta kókó lé kókó.

"Àwẹ̀ró, ó fún mi jù! Tú mi sílẹ̀!"

"Mi ò tú yín!"

"Tú mi sílẹ̀, mo fẹ́ tọ̀!"

"Ẹ tọ̀ ọ́ sínú òkun, màmá! Òkun ò ní mọ̀!"

Ibẹ̀ ni mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti já lé wa lórí, èmi àti màmá mi, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Mo ti fi okùn rẹ̀ di ìbàdí wọn, mo sì ti ta á ní kókó tí kò sẹ́ni tó lè tú u. Màmá mi fún itan mọ́ra, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, "Ta ni kó tọ̀ sínú òkun?"

Mo mú síṣọ́ọ̀sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn. Kò tètè gé. Wọ́n gbá mi lágbọ̀n mú, wọ́n gbé ojú mi sókè.

"Àwẹ̀ró, kí lo ń sunkún sí?"

Mo ní, "Nẹ́ẹ̀tì tí mò ń gé yìí ni, màmá. Tuntun ni."