Ẹ Káàárọ̀, Kánjú

"Ẹ ni wàá pè é."

"O ni màá pè é."

"Mo ní ẹ."

"Bọ̀dá, ẹṣin ni."

"Mo mọ̀ pé ẹṣin ni. Ṣé mo pè é ní ẹlẹ́dẹ̀ ni? Mo kàn ní kó o sọ pé 'ẹ káàárọ̀' kó o tó wọlé tọ̀ ọ́."

Mo gbé garawa omi sílẹ̀ nítorí apá ti ń ro mí. Ẹnu ọ̀nà yàrá Kánjú la dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kánjú fúnra rẹ̀ gbé ọrùn sórí ààbọ̀ ilẹ̀kùn, ó ń wo wá bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì ló ń kọ etí sí.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" mo bi Bọ̀dá.

"Mẹ́sàn-án."

"Èmi ńkọ́?"

"Mọ́kàndínlógún, tá a bá fi ọjọ́ orí kà á. Tá a bá fi ọgbọ́n kà á, o ò tíì máa rá."

"Ó dáa. Ta ló jù nínú èmi àti ẹ̀?"

"Ọdún ẹṣin yàtọ̀. Ọdún kan tiwọn, mẹ́ta àbọ̀ tiwa ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Nígbà tí ìka tiẹ̀ tán, ó gba tèmi mọ́ ọn. "Ó ti lé ní ọgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹgbẹ́ mi."

"Tó bá kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹgbẹ́ yín, kí ló dé tẹ́yin náà ń pè é ní ẹ?"

Ó sọ ìka mi sílẹ̀. "Mò ń pọ́n ọn lé ni."

Ó yẹ kí n sọ bọ́rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà rò pé orí wa ò pé. Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin la ti ń ṣiṣẹ́. Ẹṣin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Bọ̀dá ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin, èmi sì ni àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin náà. Nínú gbogbo wọn, Kánjú ló le jù. Kánjú la sọ ọ́ nítorí pé bó bá dúró pàápàá, ńṣe ló ń dúró bí ẹni tó ti pẹ́ débì kan. Ìgbà tó wà ní pápá lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn gbé ọ̀rá òfìfo kan kọjá níwájú ẹ̀. Ọ̀rá náà ò bá a jà, kò bú u, ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́ tiẹ̀. Kánjú fò sókè, ó balẹ̀ sínú kòtò, iṣan ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ lọ́wọ́ òsì sì ya.

Dókítà ẹran wá. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, àpò tó máa ń gbé tóbi jù ú lọ. Ó ní ká ti Kánjú mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ síta. Bó bá fò sókè nínú yàrá tí iṣan náà tún ya, kò ní gbé èèyàn mọ́ láyé. Ọ̀gá tó ni iléèwé náà wà níbẹ̀. Ó ní òun ò ní yàrá fún ẹṣin tí kò ní ṣiṣẹ́, pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á fi í ta ẹni tó bá fẹ́ ẹ lọ́rẹ.

Ọwọ́ Bọ̀dá ni wọ́n bí Kánjú sí, kẹ́ ẹ lè mọ̀. Ẹ̀wù òtútù tiẹ̀ ló bọ́ tó fi wé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀wù yẹn ò kan ọmọ tóun bí fún un rí. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ yẹn, tí Bọ̀dá bá ń jẹun nílé, á kàn dá ṣíbí dúró lójijì, á ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?" Ilé wọn sì fi ogún ìṣẹ́jú jìnnà sí ibi tí ẹṣin wà.

Ká ní kí Kánjú sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dà bí ká ní kí omi tó ń hó jókòó. Dókítà kọ gbogbo ohun tá a máa ṣe sínú ìwé kan, a fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Ká má fún un ní ọkà, nítorí ọkà á gbé agbára wọ̀ ọ́, kò sì síbi tó fẹ́ fi agbára ọ̀hún lọ. Kóríko gbígbẹ nìkan ni kó máa jẹ, ká fi sínú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ká gbé e kọ́, kí jíjẹ ẹ̀ lè pẹ́. Ká wá ẹnì kejì fún un tí á máa wà nítòsí. Ká gbé dígí kọ́ fún un, kó lè rò pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀.

A wá ewúrẹ́ kan fún un. A gbé dígí kọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni Kánjú fi bá ẹṣin inú dígí ṣọ̀tá, torí ó dá a lójú pé kóríko tìyẹn pọ̀ ju tòun lọ.

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ̀wé, kì í fi sábẹ́ ẹ̀ náà. Ohun tó kọ ni: "Owo ni ki e maa fi mu un."

Bọ̀dá ka tiẹ̀, ó mi orí. "Ọ̀wọ̀," ló wí. "Ọ̀wọ̀ ni ká máa fi mú un. Obìnrin yìí gbọ́n."

Èmi ka tèmi. Ọwọ̀ ni mo kà. Mo sì lọ mú ọwọ̀.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi mí ṣẹ̀sín. Mo rò ó dáadáa. Mo ní bóyá wọ́n ń fẹ́ kí n na ọwọ̀ síwájú, kí ẹṣin má lè sún mọ́ mi. Mo wọlé, mo fi ìdí ti ilẹ̀kùn gbọin, mo wọ inú lọ dé ògiri ẹ̀yìn, mo gbé ọwọ̀ sókè. Kánjú wo ọwọ̀, ó wò mí, ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù iná. Èmi wà láàárín òun àti ògiri, ilẹ̀kùn sì wà lódìkejì ẹ̀. Ibi tí mo ti lóye ẹ̀ nìyẹn pé bọ́rọ̀ náà bá jẹ́ ọwọ̀, kì í ṣe ọwọ̀ onígi gígùn.

Bọ̀dá ló gbà mí. Kò pariwo, kò sáré. Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lẹ́, ó dúró síbi tí Kánjú á ti rí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ má bínú sí i. Ọmọdé ni."

Kánjú sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo rá jáde lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ ẹ̀ sí. Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́ńdéèjì tí dókítà dì mọ́ ẹsẹ̀ náà, iṣan ò tún ya. Ọwọ̀ yẹn ṣẹ́ sí mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé ọwọ́ ni dókítà kọ, ọwọ́ tá a fi ń di nǹkan mú, pé bí mo ṣe kà á látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀dá wá sọ ọ́ di òfin. Lárààárọ̀, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á dúró títí etí Kánjú á fi yí síwájú, kó tó wọlé. Èmi á di ilẹ̀kùn mú láìtì í, kí ọ̀nà àtisá wà. Á fi okùn sí i lórí, á ká okùn tó kù sínú àtẹ́lẹwọ́, kò ní wé e mọ́ ọwọ́, torí ẹni tó bá wé e mọ́ ọwọ́ á bá ẹṣin lọ síbi tí kò mọ̀. Èjìká ẹ̀ ló máa ń dúró sí, kì í dúró síwájú, ká má tíì wá sọ ẹ̀yìn. Tó bá fẹ́ lọ sí apá kejì, á ní, "Ẹ yàgò fún wa díẹ̀." Kánjú á sì yàgò. Mo ti gbìyànjú "yàgò" lásán rí. Ẹsẹ̀ mi ló tẹ̀.

A ò tiẹ̀ lè padà lọ ka ìwé náà mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Orí "owo" ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bá a ṣe wà nìyẹn títí dé àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, tó jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. À ń ṣe "ẹ" àti "o" lọ́wọ́ nígbà tí dókítà dé. Ó gbé ẹ̀rọ kan dání tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ó ní ìyẹn lòun á fi wo inú iṣan, bóyá ó ti jinná tàbí kò tíì jinná. Òun á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Kánjú ò sì gbọ́dọ̀ mira.

Bọ̀dá mú okùn. Kánjú gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ fún ẹlòmíì mú," dókítà wí. "Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ó ń gbọ́ ọ láti inú okùn."

"Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."

Okùn náà ń jó. Bọ̀dá wò ó, ó wò mí, ó gbé okùn náà fún mi bí ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló fún aláìmọwọ́wẹ̀. Òun lọ di ilẹ̀kùn mú. Mo dé àṣíborí, mo dúró sí èjìká Kánjú, mo dákẹ́. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ náà ra ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àfi garawa omi tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ ti mu omi inú ẹ̀ tán, ó wá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìsàlẹ̀. Orí ẹ̀ wọlé, kò jáde. Ó bá dìde pẹ̀lú garawa lórí bí ẹni tó ń lọ sójú ogun, ó ń rìn bọ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi garawa gbá ògiri ọ̀tún, ó ń fi gbá ògiri òsì, ó sì ń ké nínú ẹ̀, ohùn ẹ̀ wá nípọn bíi ti ọkùnrin alágbára.

Ojú Kánjú funfun. Ara ẹ̀ le gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sókè. Dókítà wà lábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Mo rí ojú Bọ̀dá lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo mọ ohun tó ń rò: bí ẹsẹ̀ méjì yìí bá fi lè kúrò nílẹ̀, ó parí. Mi ò fa okùn. Mo la ẹnu, ohun tó wà níbẹ̀ ló sì jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ má bínú. Ẹ fara balẹ̀ sà, ewúrẹ́ lásán ni."

Etí kan yí wá sọ́dọ̀ mi. Èkejì tẹ̀ lé e. Ó mí kanlẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ rọ̀, ó wá gbé orí wálẹ̀ títí ètè ẹ̀ fi kan apá ẹ̀wù mi. Bọ̀dá na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó fi dá ewúrẹ́ dúró láìwẹ̀yìn.

Dókítà ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. "Ó ti jinná," ló wí. "Ó jinná dáadáa. Láti ọ̀la, ẹ máa fà á rìn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá."

Bọ̀dá lọ jókòó sórí òkìtì kóríko. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku kóríko náà pọ̀ jù. Kò sí eruku kankan. Mo jẹ́ kó nu ojú tán, kí n tó bi dókítà ní ìbéèrè mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́sí, ṣé ọwọ́ ni àbí ọ̀wọ̀?"

"Ọwọ́. Pé kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ dì í mú tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ má so ó mọ́ ògiri. Kí lẹ rò?"

"Ẹ wí i kí Bọ̀dá gbọ́."

"Mo gbọ́," Bọ̀dá wí. "Kí lo sọ fún ẹṣin lẹ́ẹ̀kan?"

"Mo ní kó fara balẹ̀."

"Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́."

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pọ̀. Ẹṣin wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ń bọ̀. Gbogbo yín ni mò ń bá wí."

"'Sà' tó wà nídìí ẹ̀ ńkọ́? Obìnrin ni dókítà. Abo sì ni ewúrẹ́."

"Ẹ̀yin náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bọ̀dá."

"Èmi lo wá sọ fún pé ewúrẹ́ lásán ni?"

"Ṣebí ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n."

Dókítà ti fi àpò ẹ̀ bojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Bọ̀dá ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó kọjú sí Kánjú, ó ní, "Sà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò yín ń sọ?" Kánjú mi orí, ó tún mi orí. Ẹṣinṣin ló wà létí ẹ̀, gbogbo wa la rí i, ṣùgbọ́n dókítà pàtẹ́wọ́ fún un.

Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Ta ló ń bá ẹṣin àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹṣin jiyàn? Dókítà tó kọ ọ́ ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọwọ́ ni, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Mo bọ́ garawa kúrò lórí ewúrẹ́, mo kọ́ ọ sápá, mo sì gba ẹnu ẹ̀rọ omi lọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìn mi. Bó ṣe máa ń ká èèyàn lára nìyẹn tí wọ́n bá jẹ́bi. Mo gbé orí sókè, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè ráàyè wò mí dáadáa.