Ẹni Tí Wọ́n Jọ Ń Mu Sinfandẹ́ẹ̀

Wáìnì kọ́ ló ṣe Ẹfúnwùmí. Ènìyàn ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá fi ọ̀rọ̀ ọtí bo ọ̀rọ̀ ìwà mọ́lẹ̀.

Mètírọ̀nì ni wọ́n ń pè é ní Ṣakí, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kalifọ́níà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní oko àjàrà. Bí ará ilé kan bá ti ń bọ̀ wálé, Ọpẹ́ á ti ìgò wáìnì pupa kan bọ inú ẹrù onítọ̀hún fún ìyá rẹ̀. Zinfandel ni wọ́n kọ sí ara ìgò náà. Sinfandẹ́ẹ̀ ni Ẹfúnwùmí ń pè é ní tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́jọ́.

Lórí fóònù ni Ọpẹ́ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mu ún. "Màmá, ẹ má dà á sọ́fun bí àgbo o. Ẹ yí i nínú ife, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ahọ́n." Oòrùn Ṣakí kì í sì í ṣàánú wáìnì, nítorí náà inú amù ni Ẹfúnwùmí máa ń ti ìgò náà bọ̀ títí ara rẹ̀ á fi tutù.

Ta ni wọ́n jọ ń mu ún? Jùmọ̀kẹ́ ni, ìyá Treasure, tó ń ṣe tíṣà. Ẹfúnwùmí ló gbẹ̀bí fún un nígbà tó bí Treasure, òun náà ló dúró tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kẹ́rù, tó gba ọ̀nà Kútọnu lọ, tí kò padà. Bí àbúrò ló ṣe mú un. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á bu díẹ̀ sínú ife tíì, nítorí ojú ayé. Ìjọ wọn kò gba ọtí láàyè rárá. Sóbò ni wọ́n fi ń jẹ Oúnjẹ Olúwa níbẹ̀.

Bàbá Ẹfúnwùmí ti kọ́ ọ tipẹ́ pé ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ni í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ mu, Jùmọ̀kẹ́ á wá tẹ̀ lé e.

"Kí ló ń ṣe lẹ́nu rẹ?"

"Agbálùmọ̀ tó pọ́n jù ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn, ó tún kan díẹ̀."

"Dúró ná, má tíì gbé e mì. Nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

Jùmọ̀kẹ́ di ojú. "Iyèré ni. Ó ń ta mí lọ́fun."

"Ẹ̀hẹ́n. Lẹ́yìn iyèré ńkọ́?"

Jùmọ̀kẹ́ kò mọ̀. Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín, ó ní èéfín igi ẹmi ni, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ ìyá òun nígbà tó bá ti ìdí òrí tó ń sè dé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, Jùmọ̀kẹ́ á rọra bi í bóyá èéfín ìyá wà nílẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹfúnwùmí kò sọ ọ̀rọ̀ èéfín yẹn fún ẹlòmíràn láyé, kò tiẹ̀ sọ ọ́ fún Ọpẹ́.

Ìgbà tó yá, Ìyá Ìjọ wọn kú, orúkọ Ẹfúnwùmí ni gbogbo ẹnu sì ń dá pé kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe obìnrin tó fẹ́ràn àga iwájú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn títí ikú fi mú un lọ, kò sì sẹ́ni tó pè é síwájú rí. Ẹfúnwùmí fẹ́ kí ọmọ agbálẹ̀ jókòó níbẹ̀. Ó fẹ́ ẹ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Jùmọ̀kẹ́ nìkan ló sọ ọ́ fún, Jùmọ̀kẹ́ sì dì mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tọ́ sí yín."

Ìwúyè kù díẹ̀ nígbà tí Pásítọ̀ ránṣẹ́ pè é sí yàrá àwọn alàgbà. Alàgbà Ọláyanjú, tó jẹ́ olórí wọn, jókòó ti Pásítọ̀, ó fajú ro.

Pásítọ̀ ní, "Mètírọ̀nì, a gbọ́ pé ẹ ń mu ọtí."

"Wáìnì tí ọmọ mi ń fi ránṣẹ́ ni, sà. Mo máa ń tọ́ ọ wò."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

Jùmọ̀kẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú rẹ̀ á sì kan Treasure. Ẹfúnwùmí wo ojú Pásítọ̀. "Èmi nìkan ni, sà." Irọ́ kan ṣoṣo tó pa nínú yàrá yẹn nìyẹn, ìfẹ́ ló sì mú un pa á.

Alàgbà Ọláyanjú mi orí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wá bá wa ṣe sọ ọ́. Ó ní ẹ fi lọ òun, ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu lójú òun kí òun lè gbà, òun sì kọ̀. Ó ní ẹ sọ pé èéfín igi ẹmi ló ń rùn, èéfín ara aṣọ ìyá yín. Mètírọ̀nì, ìyá tó gbá ilẹ̀ ilé Ọlọ́run yìí lẹ fi wé ọtí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni Ẹfúnwùmí sọ ọ̀rọ̀ èéfín yẹn fún. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tiẹ̀ ń bá a mu nínú ife ni. Ó dùn ún wọra. Àpọ́nlé tó fi ń ṣe é lálejò ni Jùmọ̀kẹ́ lọ sọ di ẹ̀sùn. Ó ya ẹnu láti sọ pé Jùmọ̀kẹ́ ń mu ún, pé ó máa ń bèèrè sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ mọ́ ni. Wọ́n ní kó máa jókòó lẹ́yìn ná, pé àwọn á fi oyè náà fún ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn wo? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Jùmọ̀kẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Ẹfúnwùmí ń ṣa ẹ̀wà. Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n wá gba àyè náà."

"Kí ni mo fi ṣe ọ́, Jùmọ̀kẹ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní gbogbo nǹkan tán. Ẹ lọ́mọ lókè òkun, ẹ lórúkọ láàárín ìlú. Èmi ńkọ́? Kí ni wọ́n fi mọ èmi, yàtọ̀ sí obìnrin tí ọkọ sá fi sílẹ̀?"

Ẹfúnwùmí ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Pásítọ̀ sọ fún mi pé ẹ kò dárúkọ mi. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ẹfúnwùmí gbójú sókè.

"Má dúpẹ́. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé o ti dárúkọ tèmi ni."