Ta Ló Ń Gbé Ìkòkò Òdòdó Sílẹ̀?

Ìjì òjò ọdún 2013 ló ká òrùlé ilé Fàúsátù Fágbénró lọ ní Ajégúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Hameed, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi ní Wharf Road, fi mọ́tò wá gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Àpápá GRA, ó ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun títí káfíńtà yóò fi parí iṣẹ́. Ìyá ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ò lè fi Sìsí sílẹ̀.

Sìsí ni ológbò rẹ̀, funfun báláú, àfi àmì dúdú kan tó wà lórí rẹ̀ bí ẹni dé fìlà. Látìgbà tí ọkọ Fàúsátù ti kú, òun àti Sìsí ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ìyá bá ń kírun, Sìsí á jókòó sétí ẹní, kò ní mira títí ìyá á fi sálámà.

Ṣìkẹ́mi, ìyàwó Hameed, kì í fọwọ́ kan ológbò. Iṣẹ́ ilé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló ń ṣe. Ó máa ń bá àwọn olówó yan kọ́tìnì, àga àti ọ̀dà, pálọ̀ tirẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníbàárà ń wá wò kí wọ́n tó fún un níṣẹ́. Nínú ilé onígbàgbọ́ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àjẹ́ ló ń sin ológbò. Kò sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí Sìsí bá ti wọlé, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lórí àga. Ìyá rí i.

Kò pẹ́ tí ìyá dé ni Ṣìkẹ́mi ra òdòdó inú ilé kan. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó tutù minimini, àmì funfun sì wà láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun ta á. Orí tábìlì gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló gbé e sí. Ó rẹwà lóòótọ́. Àwọn oníbàárà a máa fi fóònù yà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá bá Sìsí lẹ́yìn àga, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹnu bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. Ìyá gbé ẹja fún un, kò jẹ. Ó sọ fún Hameed. Hameed ní òun á pe dókítà ẹranko tó ń tọ́jú ajá àwọn ará àdúgbò. Nígbà tó dé lálẹ́, ó ní, "Dókítà ní inú rírun lásán ni, Mọ́mì. Á lọ."

Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún padà wá. Ìgbà yìí ni ìyá ṣàkíyèsí nǹkan. Ìkòkò òdòdó ti kúrò lórí tábìlì, ilẹ̀ ló wà, létí ibi tí Sìsí máa ń sùn. Ewé kan ti ya, ojú eyín sì wà lára rẹ̀. Ìyá fi ìka kan omi ewé náà, ni ọwọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, bíi ti kókò tútù gẹ́lẹ́. Ó gbé ìkòkò náà padà sókè, ó pa ẹnu mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ló tún bá a.

Ta ló lè ṣe é? Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé yẹn. Hameed ń jáde kí ojú tó mọ́ tán nítorí àwọn tírélà tó ń dí ọ̀nà èbúté, kì í sì í tètè dé. Ó wá ku ta ni?

Bí adìyẹ ṣe ń ṣọ́ àṣá ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Ṣìkẹ́mi. Bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń dá a lóhùn. Bó bá gbé oúnjẹ wá, ìyá á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí Ṣìkẹ́mi ń sọ lórí fóònù ní kíṣìnì pé, "Ẹ jẹ́ kó lọ jàre. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ilé á mọ́lẹ̀." Ìyá dúró gbagidi sí kọ́rídọ̀. Ó fa Sìsí mọ́ àyà. "Má dá wọn lóhùn," ó sọ sí i létí. "Ọlọ́run ń wò wọ́n."

Ní ọjọ́ Sátidé, tí Hameed ti jáde, ahọ́n Sìsí wú, kò lè pa ẹnu dé. Ìyá figbe ta. Ṣìkẹ́mi sáré jáde láti yàrá, ó rí ológbò náà, ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa táwẹ̀lì kan yọ, ó fi wé Sìsí, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Ibo lò ń gbé e lọ?" ni ìyá bi í.

"Ọ̀dọ̀ dókítà, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá gba táwẹ̀lì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo kọ́nà tí mọ́tò yà sí ló ń wò, bóyá ọ̀nà etí omi ni obìnrin yìí ń gbé wọn lọ.

Dókítà Pamílẹ́rìn, obìnrin kúkúrú kan tó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, la ẹnu Sìsí, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé Fágbénró ni, àbí? Ṣé òdòdó yẹn ṣì wà nílé ni? Mo sọ fún ọ̀gá ilé yín nígbà tí wọ́n pè mí, tí wọ́n júwe òdòdó náà, pé ewé yẹn kò dára fún ológbò. Mo ní kí wọ́n gbé e síbi tí ẹnu rẹ̀ ò ti ní tó o, tàbí kí wọ́n gbé e jù nù. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Ṣìkẹ́mi ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Àìmọye ìgbà ni mo ti gbé ìkòkò yẹn padà sórí tábìlì. Mo rò pé Mọ́mì ló ń gbé e sílẹ̀, pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀."

"Èmi?" ni ìyá wí. "Èmi náà ń gbé e sókè ni! Ìwọ ni mo rò pé ó ń gbé e sílẹ̀."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé inú ilé náà.

Dókítà fọ ẹnu Sìsí, ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó ní ahọ́n náà á fà. Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà, ìyá bèèrè ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lórí fóònù. Ṣìkẹ́mi kọ́kọ́ ronú ná, kó tó rántí. "Kọ́bọ́ọ̀dù, Mọ́mì! Oníbàárà kan ní Ìkòyí, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan ló ń dí fèrèsé wọn." Ojú ti ìyá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gba ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí Hameed wọlé nírọ̀lẹ́, ó bá àwọn méjèèjì ní pálọ̀, ìkòkò òdòdó wà lórí tábìlì níwájú wọn.

"Hameed," ni ìyá rẹ̀ wí, "ta ló ń gbé eléyìí sílẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ òdòdó náà ni?" Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó tún un so. "Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ tí ẹ dé ni oyún wálẹ̀ lára Ṣìkẹ́mi, a ò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Èyí tó ṣáájú ẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí wa ni, Sìsí sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n la ojú mi. Mi ò fún un ní májèlé o. Mo kàn gbé òdòdó sílẹ̀ ni. Mo ní tó bá jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́."

"Dókítà ọsíbítù sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba oyún yẹn jẹ́!" ni Ṣìkẹ́mi pariwo. "O wà níbẹ̀! Etí rẹ ló gbọ́ ọ!"

Ìyá na ọwọ́ sí i pé kó ṣe sùúrù. "Hameed, ológbò lo fura sí ni, àbí èmi?"

Hameed wo ilẹ̀. Ká ní ó sọ pé ológbò ni, ìyá ì bá bú u, kó sì tán. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó ń wo ilẹ̀ títí ìyá fi dìde, tó gbé Sìsí, tó wọ yàrá lọ.

Ṣìkẹ́mi tẹ̀ lé e. Ìyá ní, "Ìyàwó mi, mo ti ń gbóòórùn oúnjẹ rẹ kí n tó jẹ ẹ́. Má bínú sí mi."

"Mo rí yín, Mọ́mì. Èmi náà, mò ń ká ẹsẹ̀ sókè."

Nígbà tí ahọ́n Sìsí fà tán, Ṣìkẹ́mi mú ìyá lọ sọ́dọ̀ Diepreye, ọmọ ẹ̀yà Ijaw tó ń ta òdòdó lábẹ́ igi lójú títì ní GRA, nítorí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ṣófo, oníbàárà sì ń bọ̀. Gbogbo èyí tí Diepreye bá gbé jáde, Ṣìkẹ́mi á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà. Ìyá ní tirẹ̀ kò fọkàn tán fọ́tò. Ó ń fún ewé, ó ń fi omi rẹ̀ pa ọrùn ọwọ́, ó ń dúró wò ó bóyá á yún un.

"Mama, no vex, flower ni o, kì í ṣe ejò," ni Diepreye wí.

"Èyí tó jọ ejò kì í ṣeni ní nǹkan," ni ìyá dá a lóhùn. "Èyí tó rẹwà ni kí o jẹ́ kí n yẹ̀ wò."

Dókítà ní ahọ́n erin kò dára, ó tún kọ ewé ọjá ìkòokò tí Ṣìkẹ́mi fẹ́ràn jù nítorí bó ṣe dúró ṣánṣán. Ó gba ọ̀pẹ kékeré inú ìkòkò. Ó gba ewé wínníwínní irú èyí tó ń hù lára igi ọ̀pẹ, àti ọ̀kan tó jọ rinrin, tí ewé rẹ̀ nípọn, tó sì ń dán. Ṣìkẹ́mi kó ewé wínníwínní sínú apẹ̀rẹ̀ tó gbé kọ́ sókè, ó gbé ọ̀pẹ sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn. Nígbà tó tò wọ́n tán, ó bi ìyá bó ṣe rí. Ìyá ní ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì purọ́. Sìsí lọ gbóòórùn ọ̀pẹ, ó jẹ ṣóńṣó ewé kan, ó sùn. Ṣìkẹ́mi kò ká ẹsẹ̀ sókè, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Káfíńtà parí iṣẹ́ kí oṣù náà tó tán. Hameed bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá gbé e dìde, ó ní òun ti dárí jì í, ilé òun ló kàn ń wu òun. Ṣìkẹ́mi ló fi mọ́tò gbé e padà sí Ajégúnlẹ̀.

Hameed ń wá kí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá á se oúnjẹ dè é, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà àti ti èbúté, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sí Sìsí láti fi pa á lórí. Ìyá ń sọ̀rọ̀ lọ, kò dánu dúró. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ọmọ òun lòun ń wò.