Pèrègún Abà Fárọ̀mbí

"Títílọlá, àbí o ti gbàgbé ni? Oòrùn ti gun orí, o ṣì ń pòòyì!"

Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀dèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Abdulbaqi awọnlẹ̀ ti tú okùn sílẹ̀, ó ń dúró de ibi tí yóò kan òpó àkọ́kọ́ mọ́.

Pèrègún kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Títílọlá: èyí tí ìyá àgbà máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè gbá ojú oórì Fárọ̀mbí, baba ńlá wọn tó kọ́kọ́ fi àdá lànà wọ igbó yìí. Nígbà náà, agogo ìsìn ń dún, odó ń dáhùn. Lónìí, ògiri ti wó di òkìtì. Pèrègún níwájú, pèrègún lẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n ń ṣèpàdé.

Ẹbí ti fẹnu kò láti ta ilẹ̀ náà. Ojú oórì nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n yọ sílẹ̀. Títílọlá nìkan ló kù nínú wọn tó mọ ibẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi lọ gbé e nílé rẹ̀ ní Adigbẹ. Bó bá ṣì í, katapílà ni yóò gun àyà Bàbá.

Ó yíjú sí Ìyá Ifádùnmí, ẹni ìkẹyìn tó ṣì ń dáná nínú abà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti Bàbá nínú gbogbo èyí?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Nígbà tí ewúrẹ́ fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ wa tán, pèrègún ojú oórì la gé tá a fi ṣọgbà. Gbogbo igi ọgbà ló hù! Ewúrẹ́ kú, ẹni tó ni ewúrẹ́ lọ sílùú, ọgbà bá di igbó."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀?"

"Ọ̀hún ni." Ó nawọ́ sókè. Ó mi orí. "Àbí ìsàlẹ̀. Àbí kẹ̀, ọmọ mi?"

"Ṣáà mú ọ̀kan!" ni Ayọ̀dèjì wí. "Òkú ò ní pè ọ́ lẹ́jọ́."

"Háà, ẹnu rẹ!" ni Ìyá kígbe.

Títílọlá dijú. Olúwa, fi hàn mí. Kò rí nǹkan kan. Oríkì tí ìyá àgbà kọ́ ọ ló bọ́ sí i lẹ́nu:

"Fárọ̀mbí, ọkọ aginjù,
A-fi-àdá-bi-igbó-lọ́nà,
Ó débi ẹyẹ ò dé, ó ní ilé ni.
Bó o bá wá mi, má wá mi níyàrá,
Gbogbo ibi tí mo là ni mo sùn."

Ó lajú. "Abdulbaqi, ká okùn rẹ."

"Ṣé ẹ ti rí i, mà?"

"N ò rí i. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní ká ta ibi tí Bàbá kò sí. Ó dáa. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí kò sí fún mi, kí wọ́n kan òpó mọ́bẹ̀."

Ayọ̀dèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ilẹ̀ níwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́. Kò mọ ibi tí yóò gbé e lé.

"Ìyá," ni Títílọlá wí, ó ń wé gèlè rẹ̀ mọ́dìí, "ìgbálẹ̀ yín dà? Ìdí gbogbo pèrègún yìí ni n ó gbá."