Fèrèsé Tó Dá Wà Lára Ògiri

“Dí i pa!” ni Ambrose Thurlby wí.

Gedge bíríkìlà wo fèrèsé náà, ó wo ọ̀gá rẹ̀. “Ọ̀gá, odidi ògiri yìí, ojú kan ṣoṣo ló ní. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fọ́ ọ ni?”

“Ṣé ìwọ lo ni ilé?”

Gedge bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹfun mọ́ yanrìn.

Iwájú ilé Thurlby ṣe déédéé: fèrèsé mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ilẹ̀kùn láàárín. Pym, ayàwòrán ilé tó tún un kọ́ lọ́dún tó kọjá, kì í gbà kí ihò èéfín pàápàá yà kúrò lórí ìlà. Kí ló wá dé tó fi dá fèrèsé kan ṣoṣo sára ògiri ẹ̀gbẹ́, nínú yàrá Lettice, ìyàwó Thurlby?

Thurlby ti rí àwọn méjèèjì rí tí wọ́n forí korí lórí àwòrán ilé, tí Lettice ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró nídìí fèrèsé náà fúnra rẹ̀. Ẹnubodè ló rí, àti ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí Pym wọ̀ sí. Kíá ló ránṣẹ́ pe Gedge. Òjòwú ò lẹ́ran láyà: obìnrin la sábà ń pa òwe yẹn mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Thurlby lórí ẹṣin lọ́jọ́ náà yóò mọ̀ pé ti ọkùnrin tún le.

Ó lọ jókòó dájọ́ nílùú, kò gbọ́ ìdajì ẹjọ́ tí wọ́n rò níwájú rẹ̀. Nígbà tó fi padà, òjò ti lù ú rin. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ilé náà kọ́, kì í kan ilẹ̀kùn. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, Lettice ti dúró dè é pẹ̀lú ife wáìnì gbígbóná. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò bi í rí bó ṣe ń mọ̀.

Lónìí, ó kàn án. Ó kàn án títí ọwọ́ fi ń ta á.

Lettice ṣí i níkẹyìn, lọ́wọ́ òfìfo. “Ẹ kú àbọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti dé. Mi ò rí ojú ọ̀nà mọ́.”

Thurlby wọlé, ó ṣí fìlà.

“Pym ní fèrèsé yẹn á ba ògiri òun jẹ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí, mo ní kó bà á jẹ́.” Lettice gba fìlà náà tó ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. “Gedge ní ẹ̀yin lẹ ní kóun dí i. Ẹ óò nídìí tẹ́ ẹ fi ṣe é.”

Thurlby gòkè lọ tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Yàrá náà ṣókùnkùn. Ó fọwọ́ kan bíríkì tuntun náà. Ẹfun rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ki èékánná bọ abẹ́ èyí tó wà lókè pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.